Ìrun Mélòó Ló Wà Láàárín Ifangni àti Montréal

Ifangni,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní, ọdún 2026.

Fàúzíyàtù ọmọ mi,

Ìyá Àgbà sọ pé àwọn kò ní kú kí o tó dé. Ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá ni wọ́n sọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í fi iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀.

Mo kí ọ kú òtútù, ọmọ mi, òtútù tí o ní ó ń sọ omi di òkúta níwájú ilé yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀, kí Ó jẹ́ kí aṣọ mẹ́rin tí o ń wọ̀ lé ara wọn di ẹyọ kan láìpẹ́, kí ojú rẹ sì rí wa bí a ṣe wà. Ìyá rẹ Sìdíkátù kí ọ. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, èéfín ń wọ̀ mí lójú, bí o bá rí ibi tí omi kán sí lórí ìwé, èéfín ni. Àgbàdo kejì ti wọ àká, ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo wa bẹ́, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Raïssa, ọmọ Hàsíátù àbúrò mi, èyí tó ń ta káàdì ìpè lẹ́bàá ọ̀nà, ni yóò fi pọtábù, fóònù ọwọ́ rẹ̀, ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò tí yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní kí òun tó gbé pọtábù náà sílẹ̀, yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi bàálù gba ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì ti kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ de ìgbà tí o bá dé.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í jáde kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà gbé ohun èlò tó fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù lé wọn láyà títí, ó ní kò sí àìsàn kan tí òun lè dárúkọ, pé ọkàn náà ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ni. Wọ́n ń jẹun díẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń bá ìyá rẹ jà lórí ata bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti wú, bí mo bá sì gbé wọn láti orí ẹní, wọn kò wúwo ju apẹ̀rẹ̀ àgbàdo lọ.

Mo mọ̀ pé o rántí ohun tí wọ́n bẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ìbàdí wọn yẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wọ́n gbà láàyè kó wẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ kò le. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn bá kú, kí o wà lára àwọn obìnrin tí yóò da omi sí àwọn lára kí wọ́n tó fi aṣọ funfun wé àwọn. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, o sì gbà. Ìwọ náà sì mọ̀ pé òkú tiwa kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá kú ní Àsùbáà, kí Àlàásárì tó pé, a ti sin ín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè mí lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, tí wọ́n ní kí n wádìí iye ìrun tó wà láàárín ibí àti ibi tí o wà, kí n sì mú èsì wá lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀ ọjọ́ kejì.

O mọ̀ pé wọn kò mọ kìlómítà. Ìrun ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ru epo pupa kiri. Igolo kò pé ìrun kan. Lagbé jẹ́ ìrun kan bí ẹrù kò bá wúwo. Àjàṣẹ́ ni ọ̀nà tó jìn jù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn rí: wọn á kírun Àsùbáà nílé, wọn á kírun Màgàríbì lọ́hùn-ún.

Mo gbé páálí tí mo ń kó ìwé sí sọ̀kalẹ̀, mo sì mú ìwé bàálù rẹ jáde, ẹ̀dà tí o fi sílẹ̀ fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti pa á mọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ oko. Wọ́n kọ wákàtí gbogbo sí i, mo wọ awò ojú, mo kà á. Láti Kútọnu dé Paris, ẹ gbéra ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́, ẹ gúnlẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn. Láti Paris dé Montréal, ẹ gbéra ní aago kan àbọ̀ ọ̀sán, ẹ gúnlẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi pẹ́ńsù fàlà sí abẹ́ rẹ̀. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú.

Fàúzíyàtù, mo bínú sí ọ. Màá sọ òtítọ́. Bí Dieudonné bá gbé mi nínú táksí rẹ̀ láti ibí dé Kútọnu, tí afárá Àjàṣẹ́ bá dí, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni o fi ń sọ fún wa pé ọ̀nà jìn, ọ̀nà jìn, tí ìyá rẹ ń sunkún sínú gàrí, o dé ibẹ̀ kí Àìlá tó kúrò nílẹ̀! Mo jókòó, mo sì ń ronú bóyá ohun kan wà tí a ṣe fún ọ tí o kò fi fẹ́ wá.

Ìbínú náà kò pẹ́, nítorí mo yí ojú ìwé náà padà, mo rí ti àbọ̀. Montréal sí Paris: gbéra aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gúnlẹ̀ aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọ̀nà kan náà, ìlú méjì kan náà! Ọ̀nà tó lọ kúrú, ọ̀nà tó ń bọ̀ wálé gùn ní ìlọ́po méje. Mo ní áà, ọmọ mi kò parọ́.

Mo mú ìwé náà lọ bá Dieudonné níbi tí ó ti ń dúró de èrò, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ó wò ó, ó gbọn orí, ó ní kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bá ń lọ sí Kútọnu láàárọ̀, èrò nìkan ni òun ń gbé, òun máa ń sáré, ṣùgbọ́n nígbà tí òun bá ń bọ̀, gbogbo ènìyàn ti ra nǹkan, àpò ìrẹsì wà lórí, ẹ̀rọ amúlétutù wà lẹ́yìn, ọkọ̀ yóò máa mí bí aboyún. Ó ní bàálù tó ń bọ̀ láti òkè òkun ńkọ́, níbi tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ti di àpótí méjì méjì fún ẹbí? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìyá rẹ nìkan ni kò gbà. Ó ní kí èmi àti Dieudonné lọ dá aṣọ awakọ̀ bàálù fún ara wa, kí a máa pe èrò ní Igolo.

Raïssa náà mú pọtábù rẹ̀ wá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi àwòrán ayé hàn mí, ó ní láti Kútọnu dé Montréal, bí ẹyẹ bá fò tààrà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà àti irinwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gba Paris, ó sì di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kọjá, bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Banigbé tó kọ́kọ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Ìlà tí pọtábù náà fà tẹ̀ bí ọrun, kò tọ́. Mo bèèrè ìdí. Raïssa kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Dieudonné ní àwọn dúwáánì, àwọn aṣọ́bodè, ni awakọ̀ náà ń yà fún, bí àwọn tó ń fi alùpùpù gbé bẹntiróòlù ṣe ń gba inú oko. Mo sì tún ṣe ìṣirò kan. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà láti Paris dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ẹ bá fi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú rìn ín, awakọ̀ náà ń sá ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ìyẹn kò dára. Ó yẹ kí ẹ̀yin èrò bá a wí.

Lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, mo wọlé tọ Ìyá Àgbà lọ, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní láti Paris, ìrun kan ni àlọ, àbọ̀ jẹ́ mẹ́ta, ẹrù ni ó fà á. Mo rò pé wọn yóò yìn mí. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo sọ fún àwọn pé, nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ tí o dé, o ní nínú bàálù kejì yẹn wọ́n gbé oúnjẹ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, o sùn, o jí, o wo fíìmù méjì, o tún sùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ta ni ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì tó ń sùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín Àìlá àti Àlàásárì, àfi ẹni tí a bá fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn? Wọ́n ní kí n padà lọ wádìí lọ́dọ̀ ẹni tó kàwé, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń wa táksí.

Mo lọ bá Jẹ́láàní, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ayé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ni ẹ jọ lọ sí Daagbé fún ìdánwò. Àná ni mo lọ. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní oòrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń kan wa kí ó tó kan yín, pé nígbà tí a bá ń kírun Àìlá níbí, ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Àsùbáà tán ni. Wákàtí mẹ́fà ni ó wà láàárín aago tiwa àti tiyín nígbà ọyẹ́. Ó ní aago ìlú tí ẹ ti gbéra ni wọ́n kọ sí apá kan ìwé náà, aago ìlú tí ẹ gúnlẹ̀ sí ni wọ́n kọ sí apá kejì. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi: wákàtí méje àti ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ fi fò lọ, àbọ̀ kò sì tó wákàtí méje. Àbọ̀ kúrú díẹ̀ ju àlọ lọ, ó ní afẹ́fẹ́ ni ó ń ti bàálù lẹ́yìn. Mo ní kó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi dùn pé ọ̀nà ilé ni ó kúrú.

Bí mo ṣe ń bọ̀, èrò kan sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yà sí ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù. Mo ní bí Ìyá Àgbà bá kú ní Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ní aago márùn-ún àbọ̀, tí Raïssa sì pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ Àlàmísì ni lọ́dọ̀ yín. Ó túmọ̀ sí pé o ti gbọ́ láti àná. Ẹni tó gbọ́ láti àná tó sì gbéra láti àná, ó yẹ kó ti dé tòsí kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Lèmọ́mù ní kí wọ́n bu omi fún àwọn, wọ́n mu ún tán, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n ní Àbdùlàzéèzì, inú Ifangni ni òkú yóò wà, oòrùn Ifangni ni a óò fi sin ín.

Mo padà lọ bá Jẹ́láàní, a jọ ṣe é pẹ̀lú aago tiwa nìkan. A ka ìgbà tí wàá fi dé pápákọ̀ bàálù ṣáájú àkókò, a ka ìfò àkọ́kọ́, a ka ìdúró ní Paris, a ka ìfò kejì, a ka ọ̀nà láti Kútọnu dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó jẹ́ ọ̀sán kan àti òru kan. Ìrun márùn-ún, Fàúzíyàtù. Gbogbo ìrun tí Ọlọ́run fi sínú ọjọ́ kan. Èyí sì jẹ́ bí bàálù bá wà ní wákàtí tí a pè ọ́ gan-an, tí àyè sì wà nínú rẹ̀.

Mo wọlé lọ bá Ìyá Àgbà lẹ́yìn Àlàásárì. Ní òtítọ́, mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé mẹ́ta ni màá pè é. Ṣùgbọ́n èmi kò parọ́ fún ìyá mi rí lórí iye nǹkan, àní nígbà tí mo ń bá wọn ta epo. Mo ní márùn-ún ni. Wọ́n ní kí n gbé orí àwọn sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, mo gbé e. Wọ́n bèèrè irú iṣẹ́ tí o ń ṣe lọ́hùn-ún gan-an. Mo sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, pé ilé kan wà tí wọ́n kó àwọn arúgbó sí, pé ìwọ ni o ń wẹ̀ wọ́n, tí o ń fún wọn ní oúnjẹ, tí o ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ibo ni àwọn ọmọ wọn wà? Mo ní èmi kò mọ̀. Wọ́n ní àbí gbogbo wọn ni ó wà nínú bàálù ni?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn dá ọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ òkú. Wọ́n ní Hàsíátù wà níbí, ìyá rẹ wà níbí, ọwọ́ wọn le díẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kì í mọ ọwọ́ tó le. Wọ́n ní kí o wá da omi náà sí àwọn lára nísinsìnyí, tí àwọn ṣì lè sọ fún ọ pé ó ti gbóná jù. Ìyá rẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ti ń bá wọn jà láàárọ̀, yí padà, ó sì jáde lọ sí ibi iná rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe dúró de ìpè wa. Ìpè yẹn kò ní wúlò fún ọ. Wá kí ó tó dé. Ìwé bàálù àtijọ́ yìí, mo rí i pé o kò tíì lo apá àbọ̀ rẹ̀. Dieudonné ní ibùjókòó tí èrò bá ti sanwó rẹ̀, òun kì í gbé ẹlòmíràn sí i, kódà bí ẹni náà bá sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Jẹ́láàní ní bàálù kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́ta. Fi ìwé náà hàn wọ́n pẹ̀lú sùúrù, kí o sọ pé bàbá rẹ ni ó tọ́jú rẹ̀, Raïssa yóò ya òun náà ní fọ́tò fún ọ. Bí wọ́n bá kọ̀, má bá wọn jà, ra òmíràn.

Má ra ẹ̀bùn kankan. Jẹ́láàní ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oòrùn, mo sì gbà, ṣùgbọ́n èmi ṣì rò pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí Dieudonné sọ, ẹrù kò sì lè mú kí nǹkan yára. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ tó. Oúnjẹ wà nílé. O mọ̀ pé kò sí ìwé tí mo kọ sí ọ rí tí èmi kò bèèrè owó. Ti èyí kò ní pọ̀: bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí o bá ra ìwé bàálù, fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà Raïssa, kí n fi ra páànù díẹ̀, nítorí òrùlé yàrá rẹ ń jò níhà ọ̀tún. Bí kò bá ṣẹ́ kù, a óò yí ibùsùn náà sí òsì. Òjò kò tíì súnmọ́.

Kí Ọlọ́run tó gbé òkè dúró láìsí òpó gbé bàálù tí o bá wọ̀ dúró. Kí Ó fún awakọ̀ rẹ ní ojú tó mọ́ àti ọkàn tó balẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ tí Jẹ́láàní sọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì tì yín lẹ́yìn títí dé ilé. Kí ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú àwọn ìyá ẹlòmíràn kan ara ìyá tìrẹ. Àmín.

Raïssa ní o ti gbọ́ pé ara Ìyá Àgbà kò yá, pé o ti bèèrè ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, pé ọ̀la ọjọ́ Ajé ni yóò fún ọ ní èsì. A ti sọ fún Ìyá Àgbà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àárọ̀ yín ni ọ̀sán wa, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ sí í retí kí Àlàásárì tó pé. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá ní kí n bèèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ìyá ọ̀gá náà ṣì wà láyé. Mo ní a kò tíì mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlàzéèzì.